Wèrè Tí Ó Ti Wọ Ọjà

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti di òfin lẹ́nu tọmọdé tàgbà, pé wèrè tí kò bá tíì wọ ọjà ṣeé wò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ọjà, kí babaláwo ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, kí oníṣègùn da omi àgbo rẹ̀ nù, kí ìyá ọlọ́mọ sì padà sílé lọ máa sunkún ọmọ tí kò tíì kú. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀ rí, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu àgbà jáde tán, ọmọdé a gbà á bí ẹni gba ìpín. Àfìgbà tí mo di ẹni tí ń gba Òṣòdì kọjá lójoojúmọ́, tí mo sì mọ̀ pé nínú ìlú ọjà yìí gan-an ni ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àwọn alárùn ọpọlọ, èyí tí olú rẹ̀ wà ní Yábàá, ní ẹ̀ka kan sí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́langba, ni òwe àtijọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Bí ọjà bá jẹ́ òpin ìrètí, kí ni ilé-ìwòsàn ń wá láàárín ọjà?

Ẹni tí kò bá mọ Òṣòdì, kí ó má ṣe rò pé ọjà tí mo ń wí jọ ọjà alẹ́ abúlé, níbi tí ìyá mẹ́fà ń jókòó ti àtùpà. Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, Èkó àròmisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ni ó kó gbogbo èrò rẹ̀ jọ síbẹ̀. Láti Bọ́ládé dé Máfolúkù, láti Ṣógúnlé dé Ìyánà Ìsọlọ̀, ohùn agbèrò tí ń pe "Òṣòdì Òkè!" kì í dákẹ́, ọkọ̀ ojú irin a máa fọn fèrè kọjá, ẹni tí ń ta omi tútù yóò sì máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ bí ẹni tí ń lé ẹran ìgbẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tí ó há títì mọ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tí ó ń dán gbinrin síbi tí àwọn ìsọ̀ wà tẹ́lẹ̀ rí. Ìsọ̀ lọ, ibùdókọ̀ dé, ṣùgbọ́n ohun kan tí katakata kò lè wó ni àwọn ẹni tí iyè wọn ti ra: ọkùnrin tí ó di àkísà mọ́ra bí ẹni di ẹrù ìrìn-àjò, obìnrin tí ń bá afẹ́fẹ́ ṣe àríyànjiyàn lẹ́bàá títì, tí gbogbo wa ń yà fún bí a ti ń yà fún kòtò tí ó kún fún omi òjò.

Ẹ jẹ́ kí a tú òwe náà wò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa ní fún ohun méjì tí ó jìnnà síra bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ nǹkan, a ní ó ń wò ó. Bí oníṣègùn bá sì gba aláìsàn sílé, tí ó ń fún un lóògùn, tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń ṣọ́ oorun rẹ̀, a ní ó ń wò ó pẹ̀lú, láti ibẹ̀ sì ni a ti rí ìwòsàn, èyí tí í ṣe wíwò tí ó yọrí sí sísàn. Òwe mìíràn wà tí ó ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Wíwò ti inú òwe yẹn ni wíwò èrò ìran, ẹni tí ń rẹ́rìn-ín tí ó sì ń di àpò rẹ̀ mú. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí wèrè lọ́jà kò ju èyí lọ, pé gbogbo ayé ń wò ó, kò sì sí ẹni tí ń wò ó. Àìsàn tí ó wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó wà nínú yàrá ìyá rẹ̀ kò fi ìka kan tóbi sí i nítorí pé ó kọjá ẹnu ọ̀nà ọjà. Àwọn tí yóò máa rántí ni ó pọ̀ sí i. Bí ó bá sàn lọ́la, tí ó wẹ̀, tí ó fárí, tí ó wọ bùbá tuntun lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ fẹ́, ẹnìkan yóò fọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn ilé, yóò ní, "Ṣé kì í ṣe ẹni tí ó ń jó lábẹ́ afárá lọ́jọ́sí nìyí?" Èrò mi ni pé ojú ọjà ni ohun tí àwọn baba wa mọ̀ pé kò ṣeé wò, wọ́n sì fi ẹ̀bi rẹ̀ lé orí aláìsàn.

N kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà o. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, àwọn àgbà wa sì mọ àrùn yìí débi pé wọ́n fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n mọ àbísínwín tí ń mú obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n mọ ọdẹ orí, tí ń rìn nínú agbárí bí ìgbà tí kòkòrò ń rìn. Wọ́n ya wèrè ìran sọ́tọ̀ kúrò lára wèrè àfiṣe. Wọ́n sì mọ wèrè aláṣọ, ẹni tí ó wọṣọ mímọ́, tí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, tí ó ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan mọ ohun tí ojú wọn ń rí bí ilẹ̀ bá ṣú. Wọ́n mọ ewé àti egbò pẹ̀lú. Aṣófẹyẹjẹ, igi tí ń so èso fún ẹyẹ jẹ, ni àwọn oníṣègùn wa fi ń mú orí gbígbóná rọlẹ̀, kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Switzerland tó yọ oògùn reserpine jáde ní 1952 lára igi ilẹ̀ Íńdíà kan tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò. Ọwọ́ tí ń gún egbòogi yìí náà ni ó ń kan ẹsẹ̀ aláìsàn mọ́ àbà, òun náà ni ó ń fi pàṣán lé ẹ̀mí àìrí jáde lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ fún wa pé ayé àtijọ́ dára jù, kí ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ tirẹ̀ sínú àbà fún ọjọ́ méje.

Òyìnbó náà kò mú èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ wá nígbà tí ó dé. Ilé tí wọ́n ṣí ní Yábàá ní 1907, ilé ìpamọ́ ni, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Òfin tí wọ́n sì ṣe lórí ọ̀rọ̀ wèrè ní 1916 ń wá bí a ó ti kó wọn kúrò ní ìgboro kí ojú olówó má baà rí wọn. Láti ìgbà náà ni orúkọ Yábàá ti di èébú. Ẹni méjì kò lè jà nínú dáńfó ní Èkó kí ọ̀kan má sọ fún èkejì pé Yaba Left ni ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀ sí, mo sì ti gbọ́ ọ létí ara mi tí ìyá kan fi ń dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀ tí kò jẹun. Báyìí ni ilé tí ó yẹ kí a máa sá lọ bá ṣe di ilé tí a ń sá fún.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi hàn nílẹ̀ wa pé a lè gba ọ̀nà mìíràn ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ Lísàbí, tí a bí ní 1923, tí ó lọ kọ́ ìṣègùn ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó padà wálé. Nígbà tí ó dé Árò, ní Abẹ́òkúta náà, ní 1954, ilé-ìwòsàn tí wọ́n ń kọ́ kò tíì parí. Lántòrò, tí ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti ń kó aláìsàn sí láti 1944. Ẹlòmíràn ìbá jókòó de àwọn bíríkìlà. Lámbò tọ àwọn àgbà abúlé mẹ́rin tí ó wà nítòsí lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí àlejò, pẹ̀lú àdéhùn pé kò sí aláìsàn tí yóò dá wá. Ìyá rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa sìn ín lọ sí ilé-ìwòsàn láàárọ̀. Bí aláìsàn náà bá gba oògùn tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, lọ́sàn-án, a padà sí abúlé, a bá wọn lọ sóko, a bá wọn ta ayò, a bá wọn lọ sí ibi àríyá. Ilé-ìwòsàn náà kò sì fi ọwọ́ òfo bẹ abúlé: ó fa omi ẹ̀rọ fún wọn, ó gbẹ́ ṣáláńgá, ó sì yá àwọn onílé lówó láti fi yàrá kún ilé wọn. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá jókòó, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí nínú ọ̀ràn aláìsàn kan àti òmíràn, ohun tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà ń kà sí ìtìjú.

Ẹ kíyè sí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe sí òwe wa. Ó mú wèrè, ó mú un wọ abúlé, ó sì jẹ́ kí ó wọ ọjà abúlé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó dá wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́, ó ń ná ata, bí àjèjì kan bá sì fẹ́ pe ọmọ náà ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìyá wà níbẹ̀ láti dáhùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti gbọ́ òwe yìí nígbà púpọ̀ níbi ìpàdé òṣèlú, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ó bọ́ sí i rẹ́gí bí ibi iṣẹ́ Árò.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí kan ní ìlú mẹ́sàn-án lórí àwọn tí àrùn schizophrenia ń ṣe, àrùn tí ń mú ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́; London wà níbẹ̀, Moscow àti Washington wà níbẹ̀, Ìbàdàn náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n rí i pé àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní ilẹ̀ Íńdíà sàn ju àwọn ti ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní, n kò sì ní bá wọn dá ẹjọ́ náà. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ohun tí Ìbàdàn fi ju Washington lọ nígbà náà kì í ṣe dókítà, kì í ṣe oògùn, kì í ṣe ibùsùn.

Ìlànà ìtọ́jú tí ó gbájú mọ́ bí aláìsàn yóò ṣe padà máa gbé láàárín ènìyàn, tí a fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú alárùn ọpọlọ káàkiri ayé lónìí, tí ìwé púpọ̀ ti jáde lé lórí, èdè wa ti sọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú gbólóhùn kan tí gbogbo wa ń sọ láìronú. Bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá gbádùn, a kì í kàn sọ pé ó sàn; a ní ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ipò wo? Ipò ni ibi tí nǹkan ń gbé, ipò náà sì ni àyè tí ènìyàn dì mú láàárín àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀: ipò àkọ́bí, ipò ìyáálé, ipò ọ̀gá fọganáísà tí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ wo ìtàn ẹni tí Òṣòdì tiwa bá jẹ́ orúkọ kan náà, Landuji Òṣòdì Tápà, ọmọ Nupe tí ó di ẹrú ní Èkó, tí ó di balógun fún Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó, tí ó bá olúwa rẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, tí ó sì tún padà wọ Èkó ní 1862 pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ó di baba ńlá ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kò padà di ọmọ Tápà tí ó ti wà kí ó tó di ẹrú. Kò ṣeé ṣe. Ipò ni ó padà ní.

Patricia Deegan, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí àrùn schizophrenia mú nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́langba, tí ó sì kàwé títí tí ó fi di onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, kọ nǹkan tí ó jọ èyí ní 1988: pé gbígbádùn kò túmọ̀ sí pé àrùn ti lọ pátápátá, pé ẹni tí àrùn ṣì ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè máa gbé ìgbé ayé tí ó ní ìtumọ̀ lójú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ pé èyí ṣòro láti gbà, bẹ́ẹ̀ a sì ti gbà á nínú àrùn mìíràn. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ní Ọ̀kọ́tà àti ní Ajao Estate ni àtọ̀gbẹ ń ṣe, tí wọ́n ń gún ara wọn lábẹ́rẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n sì ń jókòó ní ìjókòó àgbà níbi ìgbéyàwó lọ́sàn-án? Mélòó ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe, tí wọ́n ń gbé oògùn wọn sínú àpò agbádá? A kò sọ fún wọn pé wọ́n ti wọ ọjà.

Ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ gbogbo èyí, tí onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe gbọ́dọ̀ dáhùn, ni èyí: nígbà tí iyè ènìyàn bá ra, tí ohùn tí ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò jọ tirẹ̀ mọ́, ibo ni ẹni náà fúnra rẹ̀ wà? Bí ó bá ti lọ, a jẹ́ pé òkú tí ń mí ni a ń bọ́; bí kò bá tíì lọ, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́? Àwọn baba wa ní a kúnlẹ̀ yan ìpín kí a tó wá sáyé. N kò tíì gbọ́ lẹ́nu babaláwo kankan pé bí ọpọlọ bá dàrú, àkúnlẹ̀yàn ti parẹ́. Àwọn abuké, àfín àti arọ, wọ́n ní Ọbàtálá ni ó ni wọ́n, ẹni òrìṣà ni wọ́n, a kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí pé a kò na ọ̀wọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí àrùn rẹ̀ wà nínú orí. Ìdáhùn tèmi ni pé ènìyàn kì í gbé inú ara tirẹ̀ nìkan. Ènìyàn ni aṣọ mi, ni Yorùbá wí. Ìdajì ẹni tí mo jẹ́ wà lẹ́nu àwọn tí ń pè mí, lójú àwọn tí ń retí mi, nínú ìrántí ẹni tí mo jẹ lówó. Nígbà tí ọwọ́ mi kò bá lè di ara mi mú mọ́, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń bá mi dì í mú.

Níhìn-ín ni nọ́ọ̀sì ti wọlé. Dókítà a wá, a bi ìbéèrè, a kọ ìwé oògùn, a lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Nọ́ọ̀sì ni ó wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru nígbà tí ọkùnrin tí kò lè sùn ń rìn lọ rìn bọ̀. Hildegard Peplau, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ti sọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1952 pé àjọṣe tí ó wà láàárín nọ́ọ̀sì àti aláìsàn jẹ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Ọdún 1952 yìí kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn chlorpromazine tọ́jú wèrè ní ilẹ̀ Faransé; ọdún náà ni wọ́n yọ reserpine, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Oògùn méjèèjì ni ayé ń pariwo. Ìwé obìnrin náà ń rìn jẹ́jẹ́.

Nínú gbogbo ohun èlò tí nọ́ọ̀sì ní, èyí tí mo kà sí jù nílẹ̀ Yorùbá kò ju ìró ohùn kan lọ. Ẹ ronú sí i: kí bàbá ẹni àádọ́ta ọdún, tí wọ́n ti ń kí ní "ẹ kú iṣẹ́, sà" láti ogún ọdún, wá kó sínú àrùn yìí, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bọ́ lára rẹ̀, kí agbádá tó bọ́, kí bàtà tó bọ́, ni "ẹ." Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọdún méje yóò ti máa sọ fún un pé, "Kúrò níbẹ̀!" Àwọn àna rẹ̀ yóò máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, wọn yóò máa wí pé "ó" fún ẹni tí wọ́n ń wí pé "wọ́n" fún tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, yóò wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ìbejì. Ṣé ẹ rí oorun sùn?" Bàbá náà lè má dáhùn. Ó lè sọ fún un pé ọba ni òun, pé kí ó kó àwọn ẹrú òun wá. Kò ní bá a jiyàn lórí ìjọba rẹ̀, kò sì ní parọ́ fún un pé òun rí àwọn ẹrú náà. Yóò bi í pé, "Ṣé ẹ̀kọ ni ẹ fẹ́, àbí búrẹ́dì ni ẹ fẹ́ fi mu tíì?" Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ṣùgbọ́n láti bi ènìyàn léèrè ohun tí ó fẹ́ jẹ ni láti jẹ́wọ́ pé ó ṣì ní fífẹ́, ẹni tí ó bá sì ń fẹ́ nǹkan kò tíì lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní kí n wá dúró ní wọ́ọ̀dù ní alẹ́ ọjọ́ tí aláìsàn bá gbé àga sókè, nígbà tí nọ́ọ̀sì kò pọ̀, tí iná mànàmáná ti lọ, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wá owó. Wọ́n jàre. Àwọn ìgbà kan wà tí a gbọ́dọ̀ di ènìyàn mú kí ó má baà pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, tí a ó sì gún un lábẹ́rẹ́ tí kò fẹ́. Òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ àrùn ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ni ó rọ́pò òfin 1958 tí a jogún láti ayé òyìnbó, òun náà kò sì sọ pé kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró rárá. Ó ní kí ìdí wà, kí ààlà wà. Lójú tèmi, gbèsè ni ipá tí a fi mú aláìsàn. Orí rẹ̀ ni a bá a gbé dání, bí ẹni bá ìyá ọlọ́mọ gbé ọmọ kí ó lè wọ ọkọ̀. Bí ìyá náà bá ti jókòó dáadáa, tí ó na ọwọ́, ẹni tí kò bá dá ọmọ padà ti di gbọ́mọgbọ́mọ. Nọ́ọ̀sì tí ó di ènìyàn mú lálẹ́ àná tí kò sì padà lọ jókòó tì í láàárọ̀ òní láti sọ fún un ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ó ṣì jẹ gbèsè.

Ọ̀dọ̀ àwa ẹlẹ́sìn ni ọ̀rọ̀ wá burú jù. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n rí nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì rí wọn ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé kéwú, ní ilé àdúrà, títí dé ibi tí ìjọba ń ṣàkóso. Lórí èyí, a lè sọ pé gbogbo ẹ̀sìn wa ti rẹ́ pọ̀ ṣọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn mùsùlùmí mọ̀ pé Ànábì sọ pé a ti gbé kálámù ìṣirò kúrò lórí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé títí yóò fi gbádùn. Bí Ọlọ́run bá ti gbé kálámù sókè, kí ni pàṣán ń ṣe lọ́wọ́ ààfáà? Àwa onígbàgbọ́ a sì máa ka ìtàn ọkùnrin tí ń gbé láàárín ibojì ní ilẹ̀ àwọn ará Gádárà, tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè tí ó já a, a ó wàásù lórí àwọn ẹ̀mí èṣù, a ó wàásù lórí agbo ẹlẹ́dẹ̀ tí ó rọ́ sínú òkun, a ó sì ti ìwé dé kí a tó dé ìparí rẹ̀. Ní ìparí ni ọkùnrin náà jókòó, tí ó wọṣọ, tí iyè rẹ̀ bọ̀ sípò. Ó bẹ Jésù pé kí òun máa bá a lọ, Jésù kò gbà, ó ní kí ó padà sílé lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. N kò mọ ìdí tí ìwàásù kì í fi í dé ibí yìí, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wòlíì kò fẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ yá padà sílé. Àti pé, kí a má gbàgbé, inú àwọn ará ìlú kò dùn nígbà tí wọ́n rí i pé ara rẹ̀ ti dá. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n, wọ́n sì bẹ Jésù pé kí ó kúrò ní àgbègbè wọn. Ojú ọjà kò fẹ́ kí wèrè sàn.

Nítorí èyí ni mo ṣe ka ẹ̀ka ilé-ìwòsàn tí ó wà ní Òṣòdì sí ohun ńlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọjá níbẹ̀ tí a kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí a ń tọ́jú níbẹ̀ jẹ́ ọmọ tí ipò wọn kò tíì dúró, tí ojú ọjà kò tíì kọ orúkọ sí wọn lára. Ọmọ tí kì í wo ojú ènìyàn tí kò sì sọ̀rọ̀ títí ó fi pé ọdún márùn-ún, tí wọ́n ti gbé dé òkè àdúrà mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin gáréèjì tí oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní kólórádò ti da orí rẹ̀ rú, tí bàbá rẹ̀ ti sọ pé òun kò bí i mọ́: bí nọ́ọ̀sì bá jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó ní láti jókòó ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìyá ni yóò gbé e la ọjà kọjá lọ sílé. Kí nọ́ọ̀sì kọ́ ìyá náà bí a ti ń lo oògùn, èyí dára. Kí ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi dá aládùúgbò lóhùn, èyí ni n kò rí nínú ìwé púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Máfolúkù, Ṣógúnlé, Ilasamája, Ọ̀kọ́tà àti Ìsọlọ̀, ọ̀rọ̀ mi kù sọ́dọ̀ yín. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹnìkan yóò ti ilé-ìwòsàn yẹn tàbí ti Yábàá padà wá sí òpópónà yín. Yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí oògùn ti mú un sanra; ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí ó bá gbé ife. Onílé, ẹ má ṣe dá owó ilé rẹ̀ padà fún un. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ fún un ní sípánà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé tí ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n ní bọ̀dá.